Ìwé ní Ilẹ̀ Tí Kò Ní Igbó

Àwa tí a bí sí ẹ̀gbẹ́ igbó Ọmọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọmọ Awùjalẹ̀, níbi tí ìrókò àti arère ti ń na ọwọ́ sí ojú ọ̀run, tí igi gmelina tí ìjọba gbìn ní ìlà-ìlà sì gba ilẹ̀ lọ títí ojú kò fi lè tó òpin rẹ̀, èrò kan ń bá wa dàgbà tí olùkọ́ kankan kò kọ́ wa, tí ẹnikẹ́ni kò sì bá wa jiyàn lé lórí rí. Èrò náà ni pé ibi tí igi bá pọ̀ sí ni ìwé ń gbé, pé àwa tí a ni igbó ni a ni ìwé, àti pé ará ilẹ̀ yanrìn, tí kò mọ igi púpọ̀ ju dóńgóyárò àti osè lọ, ẹni tí a ó máa ta ìwé fún ni, kì í ṣe ẹni tí a ó lọ kọ́ ọgbọ́n ìwé lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà sì ti wí pé bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, a ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Kánò ni oko baba ẹlòmíràn tí mo dé, tí mo sì rí i pé ebè rẹ̀ ga.

Kánò Túmbìn Gíwá, ikùn erin tí í gba ohun gbogbo, ni mo wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí eruku aginjù ti bo ojú oòrùn, tí ètè tàgbà-tèwe sì ń là. Sábọ̀n Gàrí ni mo dé sí, àdúgbò tí ìjọba òyìnbó là sílẹ̀ fún àwọn àlejò láti ìhà gúúsù kété lẹ́yìn tí ojú irin láti Èkó dé Kánò ní 1911. Ọ̀nà Abẹ́òkúta wà níbẹ̀, ọ̀nà Yorùbá wà níbẹ̀, Ṣànyàolú àti Odùtọ́lá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ń ka orúkọ àwọn òpópónà yóò rò pé òun kò tí ì kúrò nílé. Obìnrin tí ń dín wàìnà lẹ́bàá ọ̀nà fi ohùn Ìlọrin kí mi káàbọ̀, ó fi Haúsá bá ọmọ tí ń ra wàìnà ṣírò owó, ó sì fi Íbò bú awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń pè níbẹ̀ ní Àdàìdàìtà Sàhù, tí ó fẹ́ rẹ́ ẹ̀gbẹ́ iná rẹ̀ kọjá. Kò sì mí láàrin èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo dúró, mo jẹ wàìnà mi pẹ̀lú ṣúgà bí ó ti fún mi, mo sì ń gbọ́ bí ìlú náà ti ń dún.

Ní alẹ́ ni mo lọ ra sùyà ní ọ̀nà Aitken. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìwé ìròyìn àná ni a fi ń wé sùyà, ìyẹn nígbà tí ìwé ìròyìn ṣì ń dé ìlú wa déédéé. Bí a bá jẹ sùyà tán, a ó ka ibi tí epo kò tí ì bò nínú ìròyìn náà, a ó sì jù ú sẹ́yìn ilé, níbi tí ìyàwó ilé yóò ti fi iná sí i pẹ̀lú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo bá nídìí ààrò yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpele inú àpò sìmẹ́ǹtì ni tákàdá tirẹ̀, ó ti gbọn eruku rẹ̀ nù, ó ti fi abẹ gé e dọ́gba-dọ́gba, ó tò ó síbi tí iná kò ti lè ta sí i, ó sì fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ má baà gbé e. Etí rẹ̀ tí ó gé kúrò, àwọn wẹ́wẹ́ tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, ó kó wọn sínú àpò kan lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Mo bi í pé kí ni yóò fi àwọn wọ̀nyí ṣe. Ó gbójú sókè, ó ní, “Ọ̀gá, takarda ce. Alájì ó wá rà á lọ́wọ́ mi.” Ó wí i pẹ̀lú ohùn tí ènìyàn fi ń sọ fún àlejò pé omi ni ó wà nínú ìkòkò, nítorí kò rí ohun tí ó ṣòro nínú ìbéèrè mi. Mo gba sùyà mi, mo sì jẹ ẹ́ tán lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n n kò lè ju tákàdá náà nù mọ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ tó, kí ó fi Sábọ̀n Gàrí sílẹ̀, kí ó wọ inú ìlú olódi lọ, kí ó dé ọjà Kúrúmì, tí Sárkí Muhammadu Rumfa, ẹni tí ó jọba láti 1463 títí di 1499, dá sílẹ̀. Fún ọba yìí kan náà ni al-Maghili, ọ̀mọ̀wé láti Tlemcen ní òkè aṣálẹ̀, kọ ìwé lórí bí ó ti yẹ kí ọba máa ṣe ìjọba, ní apá ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Kí ẹni tí ń ka ọ̀rọ̀ yìí jọ̀wọ́ ronú díẹ̀ lórí ìyẹn: ní àkókò tí ẹnikẹ́ni kò tí ì kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan sórí tákàdá tí ó kù títí di òní, tákàdá ti ń gun ràkúnmí la aṣálẹ̀ kọjá wá sí ìlú tí kò ní igbó.

Ọmọ ọmọ onílé mi ni ó mú mi lọ sọ́dọ̀ Málàmù kan níbẹ̀, ògbólógbòó tí ń ta Kùránì àti ìwé àdúrà, tí àwọn ọmọ kéékèèké sì yí i ká pẹ̀lú wàláà igi wọn, tí wọ́n ń fi tàdáà kọ ọ́, tí wọ́n ń kà á sókè, tí wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ nù kí wọ́n tún lè kọ òmíràn. Mo kí i bí wọ́n ti kọ́ mi, ó dáhùn, ó sì béèrè nípa ilé, nípa ara, nípa àárẹ̀ ọ̀nà, nípa òtútù, kí ó tó béèrè ohun tí mo bá wá. Nígbà tí ó gbọ́ pé ọ̀rọ̀ tákàdá ni, ó mú àpò awọ kan wá, ó tú okùn rẹ̀, ó sì yọ àwọn ojú ewé tí a kò rán pọ̀ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Oṣù mẹ́ta hàn nínú rẹ̀, oṣù tuntun tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn láti ńlá dé kékeré, tí a kò fi yíǹkì kọ, tí ó jẹ́ pé nínú ara tákàdá náà gan-an ni wọ́n wà.

Àmì àwọn oníṣẹ́ tákàdá ìhà Venice ní ilẹ̀ Ítálì ni. Láti Ítálì dé Trípólì, láti Trípólì gba aṣálẹ̀ dé Kánò, ni tákàdá olóṣù mẹ́ta yìí ń bọ̀. Nígbà tí Heinrich Barth, ará Jámánì tí ó rin ilẹ̀ wọ̀nyí já, dé Kánò ní 1851, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé tákàdá náà ń wọlé ní ọ̀pọ̀ yanturu, débi pé òun ni wọ́n fi ń wé aṣọ tí wọ́n hun ní Kánò kí wọ́n tó tà á. Nígbà náà ni mo rántí onísùyà ọ̀nà Aitken, mo sì mọ̀ pé àṣà tí mo rò pé ìṣẹ́ ló bí i, ọmọ ọlọ́jà àtayébáyé ni.

Ohun tí mo gbọ́dọ̀ fi kún un ni pé tákàdá olóṣù mẹ́ta náà kò ti inú igi jáde rárá. Àkísà ni wọ́n fi ṣe é, aṣọ ọ̀gbọ̀ tí ó ti gbó tí wọ́n gún kúnná nínú omi, nítorí kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó dé ìdajì, gbígba ìwé lọ́wọ́ igi kò tí ì di iṣẹ́ tí ó wọ́pọ̀. Ní nǹkan bí 1851 yẹn kan náà, nígbà tí Barth ń wo tákàdá ní Kánò, ni Hugh Burgess àti Charles Watt ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sóódà se igi títí ó fi di ohun tí a lè tẹ́ ṣe ìwé. Burgess gbé ọgbọ́n náà lọ sí Amẹ́ríkà, igi pọ́púlà, tí ewé rẹ̀ fẹ̀, ni wọ́n sì ń sè níbẹ̀. Nítorí náà ìwé ti tó nǹkan bí irínwó ọdún ní Kánò kí igbó tó di ìyá ìwé. Èrò tí mo gbé ti ilé wá kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró mọ́.

Ilé tí mo wọ̀ sí ní ọ̀nà Abẹ́òkúta, ilé bàbá àgbàlagbà kan ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, tí baba rẹ̀ bá ọkọ̀ ojú irin wá ta aṣọ ní Sábọ̀n Gàrí kí a tó bí i, tí òun fúnra rẹ̀ sì fi agbára ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìwé Jẹ́bà, ní ibi tí wọ́n ti ń se igi gan-an, kí ó tó padà wá jókòó sí ilé baba rẹ̀. Ojú irin tí ó gbé baba rẹ̀ wá ni ó gba Jẹ́bà kọjá lórí odò Ọya, Bàbá a sì máa wí pé gbogbo ayé òun, lórí okùn irin kan ṣoṣo yẹn ni òun ti lò ó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo ti Kúrúmì dé, Ìyá gbé àmàlà àti ewédú kalẹ̀ fún wa, pẹ̀lú ẹran tí ó rọ̀. Mo yin ewédú náà nítorí pé ó yọ̀ dáradára. Ìyá ní káún ló ṣe é, pé káún Kánò kò rí bí èyí tí à ń rà nílé, nítorí láti etí adágún Chad ni ó ti ń wá, Kánò sì ni ó kọ́kọ́ ń dé kí ó tó gba ọ̀nà gúúsù. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ rẹ̀.

“Ọmọ mi,” ni ó wí, “ṣé o mọ̀ pé ohun tí Ìyá rẹ ṣe sí ewédú yìí gan-an ni a ń ṣe sí igi ní Jẹ́bà?”

“Báwo ni, Bàbá? Ẹ là mí lọ́yẹ.”

“Kí ló wà nínú igi? Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí àtè kan so pọ̀. Fọ́nrán yẹn, sẹ́lúlóòsì, òun ni ìwé. Àtè yẹn ni àwọn ọ̀gá wa ń pè ní lignin, òun ni kì í jẹ́ kí igi rọ̀. Bí o bá fi irin lọ igi, o ó fọ́ fọ́nrán àti àtè pọ̀, ìwé tí o bá fi ṣe kò ní lágbára, yóò sì pọ́n kíá bí oòrùn bá rí i. Ṣùgbọ́n bí o bá fi káún tí ó le ju káún lọ sè é, àtè á yọ́, á bá omi lọ, fọ́nrán á sì kù ní odindi. Ewédú rọ̀ nítorí káún. Ìrókò pàápàá á rọ̀ bí káún bá le tó.”

Mo ti gbé lẹ́bàá igi láti ìgbà èwe mi, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò là á fún mi báyìí rí, nítorí náà ni mo fi jókòó ti Bàbá títí ilẹ̀ fi ṣú, tí Ìyá fi tan iná, tí ó sì tún fi fùrá lé e fún wa. Ó sọ fún mi bí wọ́n ti ń bó èèpo ìtì igi, tí ẹ̀rọ yóò sì gé e sí pẹlẹbẹ kéékèèké tí ó ṣeé kó sí àtẹ́lẹwọ́. Bí wọ́n ti ń da pẹlẹbẹ wọ̀nyí sínú ìkòkò irin tí ó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, tí wọ́n ń da omi sóódà tí ó ní agbára imí ọjọ́ nínú lé e lórí, tí wọ́n ń de ìdérí rẹ̀ pinpin, tí wọ́n sì ń fi ooru gbígbóná gbé e lọ sí nǹkan bí ìwọ̀n ooru 170, èyí tí ó fi púpọ̀ ju ìhó omi lọ. Fún wákàtí mélòó kan ni yóò fi wà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá wá ṣí ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀, agbára inú ìkòkò náà yóò fọ́n gbogbo rẹ̀ jáde pẹ̀lú ariwo tí ó ń mi ilẹ̀, pẹlẹbẹ igi tí ó wọlé ní líle á sì jáde ní fọ́nrán pupa rúsúrúsú tí ń léfòó nínú omi dúdú. Fọ́nrán náà ni pọ́ọ̀pù. Ó ní ẹni tí ó bá dé Jẹ́bà nígbà náà kì í béèrè ọ̀nà ilé iṣẹ́, nítorí òórùn imí ọjọ́, tí í ṣe òórùn ẹyin tí ó ti bàjẹ́, a máa lọ pàdé àlejò.

Ọgbọ́n yìí ni wọ́n ń pè ní kraft, Carl Dahl ni ó sì rí i ní Danzig ní 1879, ẹni tí ń wá ohun tí ó dínwó láti fi dípò sóódà tí ó ń sọnù nínú iṣẹ́ rẹ̀, tí ó wá rí i pé ohun olówó pọ́ọ́kú tí òun fi kún un, lẹ́yìn tí ó ti gba inú iná kọjá, ń mú kí igi tètè jinná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí fọ́nrán rẹ̀ sì lágbára sí i. Kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ti borí gbogbo ọ̀nà ìse-igi mìíràn láyé.

Ṣùgbọ́n ibi tí Bàbá ti gbóná jù lọ, tí ó ti dìde dúró tí ó sì ń fi ọwọ́ ya àwòrán sí afẹ́fẹ́, kì í ṣe lórí pọ́ọ̀pù, lórí omi dúdú ni. Igi tí ó wọ ìkòkò, kò tó ìdajì rẹ̀ tí ń di pọ́ọ̀pù. Ìyókù ti yọ́ sínú omi náà, sóódà tí a fi owó iyebíye rà sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá dà á sódò, a ti pa ẹja, a ti pa ara wa. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń se omi dúdú náà títí yóò fi ki, títí yóò fi lè jó. Wọn á wá fín in sínú iná ńlá kan, àtè igi á jó, ooru rẹ̀ á máa yí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, sóódà á sì yọ́ ṣàn sí ìsàlẹ̀ ní pupa fòò. Wọn á tú u sínú omi, á di àwọ̀ ewé. Wọn á fi ẹfun jíjó sí i, á padà di sóódà funfun tí ó mú, wọn á sì tún fi se igi mìíràn.

“Ọmọ mi, ohun tí ó wà nínú omi aláwọ̀ ewé yẹn kí wọ́n tó fi ẹfun sí i, ìbátan káún Ìyá rẹ yìí ni. Òyìnbó kò ní ju èyí lọ. Ohun tí ó ní ni pé kò jẹ́ kí ó dànù.”

Mo bi í léèrè bóyá a lè fi káún Chad ṣe iṣẹ́ náà. Ó mi orí. Ó ní ilé iṣẹ́ ńlá á gbé káún gbogbo ọjà mì ní ọ̀sẹ̀ kan, pé sóódà láti òkè òkun ni wọ́n ń rà, àti pé níbẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ tí ń gba omi dúdú padà bá bàjẹ́, tí irin àtúnṣe rẹ̀ kò sì tètè dé, ilé iṣẹ́ á máa ra sóódà tuntun fún gbogbo ìkòkò tí ó bá sè, gbèsè á sì gun orí gbèsè. “Kì í ṣe igi ló pa wá,” ni ó wí. “Igi kò wọ́n wa lọ́jọ́ kan.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé sùn, tí kò sì jẹ́ kí n sùn. Mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ ńlá tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ láti fi igi ilẹ̀ wa ṣe ìwé. Jẹ́bà ni àkọ́bí, ní 1969, fún tákàdá líle tí a fi ń ṣe àpò sìmẹ́ǹtì àti páálí, wọ́n sì mú un gbòòrò títí ó fi yẹ kí ó lè ṣe 65,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ọkù-Ìbokù, ní ilẹ̀ Íbíbíò, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986 fún tákàdá ìwé ìròyìn. Èkẹta ni Ìwópin, tiwa, ní etí ọ̀sà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, fún ìwé kíkọ àti ìwé títẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe gbin gmelina inú igbó Ọmọ, igi tí wọ́n mú wá láti ìhà Íńdíà, tí ó ń tètè dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí a bí ní ọdún tí a gbìn ín kì í tí ì jáde ilé ẹ̀kọ́ girama kí ó tó tó gé fún pọ́ọ̀pù. Náírà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wó láti 1986, sóódà di ọ̀wọ́n, irin àtúnṣe di ọ̀wọ́n, àti pọ́ọ̀pù igi páìnì tí ó gbọ́dọ̀ ti òkè òkun wá pẹ̀lú. Igi ilẹ̀ olóoru tí ewé rẹ̀ fẹ̀, fọ́nrán rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 1, ti páìnì sì tó 3. Ti kúkúrú ni ó dára jù fún ìwé tí ó yọ̀ tí kálàmù kò sì ní hó lórí rẹ̀, ti gígùn ni kì í jẹ́ kí àpò sìmẹ́ǹtì ya. Jẹ́bà tí ń ṣe àpò kò lè dá ti gígùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìwópin, tí ń bọ̀ wá ṣe ìwé kíkọ, gmelina tirẹ̀ ni igi tí ó yẹ ẹ́ jù lọ, ìyẹn ni ó sì dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2006 ni wọ́n ta Jẹ́bà fún aládàáni. Títí di òní, ìwé tí ọmọ wa fi ń kọ A, B, D láti òkè òkun ni ó ti ń wá.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé gmelina kò ṣeé sè. Ní 1978, wọ́n kan ilé iṣẹ́ pọ́ọ̀pù odindi ní Japan, wọ́n gbé e léfòó lórí òkun títí dé Jari ní àárín igbó Brazil, nítorí àwọn oko gmelina tí ọlọ́rọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Daniel Ludwig, gbìn síbẹ̀. Gmelina kò ṣe dáadáa tó bí ó ti retí nínú ilẹ̀ náà, owó rẹ̀ sì bọ́, ṣùgbọ́n Brazil kò fi ìkòkò sílẹ̀. Wọ́n gba igi yùkálíbítọ́ọ̀sì dípò, òní yìí sì ni wọ́n jẹ́ aṣáájú gbogbo ayé nínú títa pọ́ọ̀pù igi eléwé fífẹ̀. Àwa gbin igi, a sì rò pé a ti parí iṣẹ́. Ìgbéraga igbó ni. Ẹni tí ó rò pé igi ni ìwé kò ní bìkítà fún iná tí kò gbọdọ̀ kú lọ́sàn-án àti lóru, fún omi dúdú tí kò gbọdọ̀ dànù, fún irin àtúnṣe kékeré tí ó yẹ kí ó wà nílẹ̀ kí ti àtijọ́ tó gbó. Ará Kánò, tí kò ní igi, tí ó mọ iye ràkúnmí tí ojú ewé kan gùn kí ó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò lè ní irú èrò bẹ́ẹ̀ láé. Ẹni tí ó ní orí kò ní fìlà, ẹni tí ó ní fìlà kò ní orí.

Fìlà náà ni mo rí ní ọjà Sábọ̀n Gàrí. Ní ìsọ̀ àwọn olùtàwé, ìwé ìtàn ìfẹ́ ní èdè Haúsá tò láti ilẹ̀ dé òrùlé, ìwé kéékèèké tí èèpo rẹ̀ ń dán, tí púpọ̀ nínú wọn pín sí apá kìíní, apá kejì, apá kẹta, nítorí pé olùkàwé kò ní sinmi títí yóò fi mọ bí ó ti parí. Obìnrin ni ó kọ púpọ̀ nínú wọn, obìnrin ni ó sì ń rà wọ́n. Láti ìgbà tí Hafsat Abdulwaheed ti tẹ So Aljannar Duniya jáde ní 1980 ni ilẹ̀kùn náà ti ṣí, Kánò sì di olú ìlú iṣẹ́ yìí. Ní 2007, gómìnà ìpínlẹ̀ náà dá iná sun irú ìwé wọ̀nyí ní gbangba, ṣùgbọ́n wọ́n wà níwájú mi lórí àtẹ. Mo dúró tì wọ́n pẹ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, tí Fágúnwà ti kọ̀wé, mo mọ ilé ìtàwé tí kò ní ìwé Yorùbá kan tí kì í ṣe ti ìdánwò. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ tú owó láti etí ìborùn rẹ̀, ó ka á lẹ́ẹ̀mejì, ó ra apá kejì ìwé kan, ó sì ti ń kà á kí ó tó kúrò níwájú ìsọ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ olùtàwé pé tákàdá inú rẹ̀ ti ibo wá. Ó ní òkè òkun, gba Èkó wá, pé bí dọ́là bá gbé ẹsẹ̀ sókè, ojú ewé ìtàn á dín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo ń padà, Bàbá ní dandan, kí n kọ́kọ́ kí Alájì, ẹni tí ọmọ onísùyà dárúkọ fún mi, nítorí ọ̀rẹ́ òun ni láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù pọ̀ ní ọ̀nà Ṣànyàolú. Àgbàlá rẹ̀ kún fún páálí tí a tẹ̀ pẹrẹsẹ tí a sì dì ní òkìtì-òkìtì, àwọn ọmọ bola jari, àwọn tí ń ṣa ohun àlòkù kiri, sì ń ti ọmọlanke wọlé léraléra, wọ́n ń gbé ẹrù sórí ìwọ̀n, wọ́n ń gba owó. Alájì ń sọ Yorùbá tí ó mọ́ jù tèmi lọ. Ó fi ìjókòó kan lọ̀ mí, ó fi kòkó gbígbóná lọ̀ mí, ó sì sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún mi láìfi bò: àwọn ilé iṣẹ́ tí ń fi páálí àtijọ́ ṣe páálí tuntun àti ìwé ìnura ni ó ń tà á fún, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń ráhùn sí i báyìí pé fọ́nrán inú ẹrù rẹ̀ ti kúrú jù, pé tákàdá kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀, tí ó sì ń rẹ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un fọ̀, àfi bí wọ́n bá rí pọ́ọ̀pù tuntun fi là á.

“Ṣé òótọ́ ni ohun tí Bàbá sọ fún mi,” ni ó bèèrè, “pé igi wà lọ́dọ̀ yín tí ẹ gbìn nítorí èyí, tí ẹnikẹ́ni kò sì sè?”

Mo ní òótọ́ ni. Mo ní wọ́n ti ń là á ní pákó, wọ́n sì ń fi ẹ̀ka rẹ̀ dáná.

“Wàllàhí?” Ó yíjú sí Bàbá, Bàbá kò wí nǹkan kan. Ó tún yíjú sí mi. “Tò. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ má ṣe kó o wá ní tútù. Ẹ fún omi rẹ̀, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ kí ẹ sì dì í, nítorí owó ọkọ̀ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú dé Kánò ti pọ̀ jù kí ènìyàn tún máa fi gbé omi. Èyí tí ó jẹ́ ti ìwé kíkọ, ẹ sọ ọ́ di funfun. Èyí tí ó jẹ́ ti páálí, ẹ fi í sílẹ̀ ní pupa rẹ̀, kí ó má baà wọ́n.”

Mo mú ìwé jáde, mo kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ó ti wí. Ó wo ọwọ́ mi títí mo fi parí, ó wá sọ iye tọ́ọ̀nù tí òun lè gbà ní oṣù kan, ó sì ní kí n kọ ìyẹn pẹ̀lú.